Kúlìn Táwà Olómi àbí Gbígbẹ: Èwo ló Bá Ilé Iṣẹ́ Yín Mu ní Kano, Kaduna àti Abuja?

Ní oṣù kẹrin ọdún kan, nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán, Alhaja kan tí wọ́n bí ní Ìlọrin, tí wọ́n ti fi Kano ṣe ilé, pè mí láti Sharada. Ìgò ike ni ilé iṣẹ́ wọn ń ṣe. Wọ́n ní, "Ẹnjíníà, ẹ dákun, ẹ wá bá mi wo àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí. Ọjọ́ mẹ́ta rèé tí wọ́n ń kú lọ́sàn-án. Bó bá di alẹ́, wọ́n á tún jí bí ẹni pé kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀." Mo ti fura sí ohun tó ń ṣe wọ́n kí n tó dé ibẹ̀. Ẹni tó tajà fún wọn ti ní kí wọ́n ra kúlìn táwà gbígbẹ, èyí tó ń fi afẹ́fẹ́ nìkan tu omi ẹ̀rọ, torí pé omi kò sí. Òótọ́ ni, omi kò sí. Àmọ́ kò sẹ́ni tó bi wọ́n léèrè bí omi tó ń wọ ẹ̀rọ wọn ṣe gbọ́dọ̀ tutù tó.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí fún àwọn èèyàn wa tó ń ṣiṣẹ́ ní Bompai, ní Challawa, ní Kakuri, ní Idu l'Abuja, àti níbikíbi tí a bá ti ń fi ẹ̀rọ wá oúnjẹ òòjọ́ lókè odò Ọya. Ọ̀pọ̀ wa ló gbé ọgbọ́n tí a fi ń ra ẹ̀rọ l'Ékòó wá síbí, kò sì bá ibí mu. Níbí, afẹ́fẹ́ wà lẹ́yìn táwà olómi, ilẹ̀ sì wà lẹ́yìn táwà gbígbẹ. Ẹni tó bá fẹ́ yan ọ̀kan gbọ́dọ̀ gbọ́ ẹjọ́ àwọn méjèèjì.

Bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́

Ẹ̀rọ ńlá kò lè ṣiṣẹ́ kó má gbóná. Omi ló ń gba inú rẹ̀ kọjá láti ru ooru yẹn jáde, kúlìn táwà sì ni ibi tí omi náà ti ń sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ kó tó padà wọlé.

Táwà olómi ń ṣe bí àmù. Gbogbo ẹni tó bá ti bu omi mu nínú àmù tí ìyá àgbà gbé sí ìdí ògiri mọ bí omi rẹ̀ ṣe ń tutù láì sí iná: omi ń sun jáde lára amọ̀, afẹ́fẹ́ ń gbé e lọ, èyí tó kù nínú ìkòkò ń tutù. Mohammed Bah Abba, olùkọ́ kan ní Jigawa, fi ọgbọ́n yìí kan náà ṣe ìkòkò méjì, ọ̀kan nínú èkejì, pẹ̀lú iyanrìn tútù láàárín wọn, kí àwọn àgbẹ̀ tí kò níná lè fi tọ́jú ewébẹ̀. Iṣẹ́ náà gba ẹ̀bùn Rolex ní ọdún 2000. Ẹ̀gbọ́n ìkòkò yẹn ni táwà olómi. Wọ́n ń fọ́n omi gbígbóná láti òkè sórí ike tí wọ́n tò bí afárá oyin, fáànù ń fa afẹ́fẹ́ gba àárín rẹ̀, díẹ̀ nínú omi ń bá afẹ́fẹ́ lọ, ìyókù ń kán sínú agbada ìsàlẹ̀. Kílò omi kan tó bá bá afẹ́fẹ́ lọ ń kó nǹkan bí 2,400 kilojúùlù ooru dání.

Rẹdiétọ̀ mọ́tò ni táwà gbígbẹ, àfi pé ó tóbi. Omi wà nínú pàípù, ìyẹ́ alumíníọ́mù pẹlẹbẹ wà lára pàípù, fáànù ń fẹ́ ẹ. Omi àti afẹ́fẹ́ kì í fojú kan ara wọn, nítorí náà omi kì í tán.

Ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ mọ̀ kí ẹ tó béèrè owó

Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni ti Alhaja: báwo ni omi tó ń padà wọ ẹ̀rọ yín ṣe gbọ́dọ̀ tutù tó ní ọ̀sán oṣù kẹrin? Ẹ wò ó nínú ìwé ẹ̀rọ náà, ẹ má ṣe fi ẹnu sọ ọ́. Omi tó ń tu ẹnjìnnì jẹnẹrétọ̀ lè gbóná dé 80°C kí ara rẹ̀ ṣì yá. Òróró inú ẹ̀rọ tó ń tẹ ike kò fẹ́ kọjá nǹkan bí 50°C. Chiller, ẹ̀rọ ńlá tó ń sọ omi di tútù fún ilé tàbí ilé iṣẹ́, ní apá kan tó ń tú ooru síta tí wọ́n ń pè ní kọ̀ǹdẹ́ńsà; bó bá jẹ́ èyí tó ń lo omi, omi nǹkan bí 30°C ló ń fẹ́.

Ẹ wá fi èyí wé ojú ọjọ́. Tẹmọ́mítà méjì ni ẹ ó lò. Ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀ ní gbígbẹ, ìyẹn ni ìwọ̀n gbígbẹ; ẹ fi òwú tútù wé ìdí èkejì, kí ẹ fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i. Èkejì yìí ni mo ń pè ní ìwọ̀n òwú tútù. Táwà gbígbẹ kò lè tu omi kọjá ìwọ̀n gbígbẹ láé. Lójú ayé, omi rẹ̀ máa ń fi nǹkan bí 10°C gbóná ju afẹ́fẹ́ lọ. Ìwọ̀n òwú tútù ni táwà olómi ń tẹ̀ lé, ó sì lè sún mọ́ ọn dé bíi 4°C tàbí 5°C.

Níbí ni ọ̀rọ̀ ti dùn. Ní ọ̀sán oṣù kẹrin ní Kano, tí ìwọ̀n gbígbẹ bá jẹ́ 40°C, tí afẹ́fẹ́ sì gbẹ táútáú, ìwọ̀n òwú tútù kì í ju nǹkan bí 21°C lọ. L'Ékòó lọ́jọ́ kan náà, ìwọ̀n gbígbẹ lè jẹ́ 32°C péré, kí òwú tútù wà ní 28°C nítorí ọ̀rinrin. Ìyẹn ni pé táwà olómi ní Kano lè fún yín ní omi 26°C lábẹ́ oòrùn tó ń jó èèyàn lórí, nígbà tí irú rẹ̀ kan náà l'Ékòó kò ní lọ sísàlẹ̀ 32°C. Táwà gbígbẹ ní Kano lọ́sàn-án yẹn yóò gbé omi 50°C wá fún yín. Ìyàtọ̀ 24°C ló wà láàárín àwọn méjèèjì! Mo ti rí ọ̀pọ̀ ẹni tó rò pé bí ìlú bá ṣe gbóná tó ni táwà olómi ṣe máa kùnà tó. Òdìkejì rẹ̀ gan-an ni. Oṣù kẹjọ, tí òjò ń rọ̀ tí ara tu gbogbo èèyàn, ni agbára rẹ̀ ń dínkù jù, nítorí afẹ́fẹ́ ti mu omi yó.

Àmọ́ ilẹ̀ náà ní ẹjọ́ tirẹ̀. Ìbéèrè kejì: níbo ni omi yín ti ń wá ní oṣù kẹta? Mi ò bèèrè ti oṣù kẹsàn-án o. Abuja àti apá tó pọ̀ jù ní Kano àti Kaduna wà lórí àpáta líle. Bóhòlù tó bá rí ibi tí àpáta ti là a rí omi, èyí tí kò bá rí i a gbẹ. Bóhòlù tó ń tú omi yàà nígbà òjò lè di èyí tó ń mí fùù lásán kí oṣù kẹta tó parí. Ẹni tó bá ń gbé Sabon Gari mọ ìgbà tí owó kẹ̀kẹ́ màí rúwà, àwọn tó ń ta omi kiri, ń lọ sókè. Ìgbà yẹn gan-an ni táwà olómi ń mu omi jù.

Lẹ́yìn ìwọ̀nyí, ẹ wo iná. Àti oṣù kẹrin ọdún 2024 tí NERC, àjọ tó ń bójú tó iná mànàmáná, ti gbé owó Band A, ìyẹn àwọn tó ń rí iná jù lójúmọ́, láti nǹkan bí ₦68 lọ sí ₦225 fún kílówáàtì-wákàtí kan, ó ti ń sún sókè sódò díẹ̀, kò sì padà síbi tó ti wà tẹ́lẹ̀. Dísẹ́ẹ̀lì burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wo ilẹ̀ tí ẹ ní pẹ̀lú, àti ẹni tí yóò máa tọ́jú táwà náà lójoojúmọ́. Ìkẹyìn yìí ni àwọn èèyàn ń fojú kéré.

Táwà olómi

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Ká ní ilé iṣẹ́ yín ń bí ooru 300 kílówáàtì, tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru. Omi tí yóò bá afẹ́fẹ́ lọ tó nǹkan bí 440 lítà ní wákàtí kan. Kò tán síbẹ̀. Omi ló ń bá afẹ́fẹ́ lọ, iyọ̀ àti ẹfun inú rẹ̀ kì í bá a lọ. Bí ọbẹ̀ tó pẹ́ jù lórí iná ṣe ń níyọ̀ sí i ni omi agbada ṣe ń ki sí i. Ẹ gbọ́dọ̀ máa da díẹ̀ nù nínú rẹ̀ kí ẹ sì fi tuntun dípò. Bí omi yín bá le, tí ẹ kò lè jẹ́ kó ki ju ìlọ́po mẹ́ta lọ, ẹ ó máa da 220 lítà nù ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Àpapọ̀ rẹ̀ ń lọ sí 16,000 lítà lójúmọ́, táńkà oní 10,000 lítà kan àti ju ìdajì lọ. Bí omi yín bá rọ̀ tó kí ó lè ki dé ìlọ́po márùn-ún, ó ń sún mọ́ 13,000. Ẹ fi iye tí wọ́n ń ta omi ládùúgbò yín sọ ọ́ dowó fún oṣù mẹ́fà ẹ̀ẹ̀rùn kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé kankan.

Lórí owó ìrajà, olómi ló rọ̀ jù. Ó kéré, ó lè jókòó sórí òrùlé, fáànù rẹ̀ kì í jẹ iná púpọ̀. Bó bá jẹ́ chiller ló ń tù, àǹfààní iná yẹn tún ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí chiller tí omi ń tù máa ń fi ìdá kan nínú mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ dín iná kù sí èyí tí afẹ́fẹ́ ń tù. Fún òtẹ́ẹ̀lì ńlá tàbí ilé ìwòsàn ńlá l'Abuja, owó yẹn kì í ṣe kékeré.

Ohun tó ń ba táwà olómi jẹ́ ni àìtọ́jú. Ẹfun á dì mọ́ afárá oníke, á le bí òkúta, afẹ́fẹ́ kò ní rí ọ̀nà gbà mọ́. Eruku ọyẹ́ á di ẹrẹ̀ nínú agbada, ẹrẹ̀ yẹn á sì wọ pàípù. Mo ti ṣí agbada kan rí ní oṣù kejì tí ẹrẹ̀ inú rẹ̀ dé orókùn mi, bẹ́ẹ̀ wọ́n ní àwọn ń fọ̀ ọ́.

Èyí tó ju ẹrẹ̀ lọ ni kòkòrò àìfojúrí tí wọ́n ń pè ní Legionella. Inú omi tó lọ́ wọ́ọ́wọ́, láàárín 20°C sí 45°C, ló ti ń bí sí i, ó sì ń bá ìkùukùu omi wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Ọdún 1976 ni àìsàn rẹ̀ kọ́kọ́ di mímọ̀, nígbà tó pa èèyàn tó lé ní 25 lẹ́yìn ìpàdé àwọn ológun fẹ̀yìntì ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Philadelphia, l'Amẹ́ríkà. Ní 2015, kúlìn táwà kan ní Bronx, New York, tún fi pa èèyàn tó lé ní 10. Ẹ má ṣe gbé táwà olómi sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé tàbí ibi tí ẹ̀rọ amúlétutù ti ń fa afẹ́fẹ́ wọlé. Ẹ má ṣe rà á láì ra kílórínì tàbí oògùn omi mìíràn, àti àwọ̀n tó ń gba ẹ̀kán omi mú kó má bàa fò jáde. Bí ẹ kò bá ní ẹni tó lè máa yẹ omi náà wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi táwà olómi sílẹ̀. Àwọn aládùúgbò yín náà ló ń mí afẹ́fẹ́ yẹn.

Táwà gbígbẹ

Ẹni tó bá fẹ́ rí bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ní ibi ńlá, kó wo Matimba ní Limpopo, South Africa. Ilé iṣẹ́ iná oní-èédú ni, ẹ̀rọ mẹ́fà, ọ̀kọ̀ọ̀kan 665 mẹ́gáwáàtì. Nítorí pé odò kò tó níbẹ̀, afẹ́fẹ́ nìkan ni wọ́n fi ń tù ú. Omi tó ń lò fún kílówáàtì-wákàtí kan kò tó 0.2 lítà, nígbà tí irú rẹ̀ tó ń lo táwà olómi ń mu nǹkan bí 2 lítà. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ san owó jù ni, kí omi lè kù fún àwọn èèyàn.

Owó náà sì pọ̀ lóòótọ́. Fún ooru kan náà, táwà gbígbẹ máa ń wọ́n ju olómi lọ gan-an, ó ń gba ilẹ̀ jù, iná tí fáànù rẹ̀ ń jẹ sì lè tó ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta. Ṣùgbọ́n kò sí oògùn omi, kò sí ẹfun, kò sí Legionella, kò sí táńkà tó ń dúró lẹ́nu géètì. Ní ìgbà ọyẹ́, tí Kano lè lọ sílẹ̀ dé 14°C lóru, ó ń fún yín ní omi tó tutù dáadáa. Jos tí ó ga tó nǹkan bí 1,200 mítà tilẹ̀ dà bí ibi tí wọ́n ṣe é fún.

Ọ̀tá rẹ̀ ni eruku. Ọyẹ́ ń di àlàfo àárín ìyẹ́ alumíníọ́mù wọ̀nyẹn bíi kí wọ́n fi òwú dí i, ọ̀rá náílọ́nù tí afẹ́fẹ́ ń gbé kiri á sì bò ó. Láti oṣù kọkànlá sí oṣù kejì, ẹ máa fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì, ó kéré tán. Ẹ ti inú fọ̀ ọ́ síta, ẹ má sì lo omi alágbára tí wọ́n fi ń fọ mọ́tò, nítorí ó ń tẹ ìyẹ́ náà pọ̀. Bí ẹ bá ti parí kó tó di ìparí oṣù kejì, ara táwà á ti mọ́ kí ooru tó dé.

Ibi tí ẹ gbé e sí tún ṣe pàtàkì. Ní Idu mo rí èyí tí wọ́n há sáàárín ògiri mẹ́ta. Ooru tó ń fẹ́ jáde ló tún ń fà wọlé. Afẹ́fẹ́ ìta jẹ́ 37°C lọ́jọ́ náà, èyí tó ń wọ inú rẹ̀ jẹ́ 44°C. Kò sí fáànù tó lè gba irú rẹ̀ là. Nǹkan kan tún wà: ìwé àwọn Òyìnbó á ní kí ẹ po oògùn tí kì í jẹ́ kí omi dì mọ́ omi inú rẹ̀. Omi kì í dì ní Kano. Oògùn tí kì í jẹ́ kó dípẹtà ni kí ẹ fowó yín rà.

Àwọn tó wà láàárín

Oríṣi kan wà tí omi ẹ̀rọ yín wà nínú pàípù tí wọ́n dé pa, tí wọ́n sì ń fọ́n omi mìíràn sí ara pàípù náà láti ìta. Ó ń mu omi tó táwà olómi, ṣùgbọ́n eruku kì í wọ inú ẹ̀rọ yín. Ó wọ́n, mi ò sì rí ìdí tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ kéékèèké fi nílò rẹ̀ àfi tí ẹ̀rọ wọn bá jẹ́ ẹlẹgẹ́.

Èkejì ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́. Táwà gbígbẹ ni, tí wọ́n gbé páàdì tútù síwájú rẹ̀. Bí ooru kò bá pọ̀, páàdì á gbẹ, omi kankan kò ní lọ. Bí ọ̀sán bá dé, páńpù kékeré á rin páàdì, afẹ́fẹ́ 40°C tó bá gba inú rẹ̀ kọjá á di nǹkan bí 25°C kó tó kan ìyẹ́. Omi 50°C á di 35°C. Ohun tí a ṣe fún Alhaja nìyẹn. A kò sọ táwà wọn nù, a fi páàdì sí i ní iwájú, òróró ẹ̀rọ wọn sì sọ̀ kalẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn gan-an tí a tan páńpù.

Ẹni tó bá tà á fún yín lè ní kò ní mu omi rárá. Ẹ má gbà á gbọ́. Ní wákàtí tí páàdì bá ń ṣiṣẹ́, omi rẹ̀ lè ju ti táwà olómi lọ. Fún 300 kílówáàtì tí mo fi ṣe àpẹẹrẹ lẹ́ẹ̀kan, ó lè lọ sí 700 lítà ní wákàtí kan. Èrè rẹ̀ wà nínú pé wákàtí mẹ́fà péré ni yóò fi ṣiṣẹ́ lójúmọ́, láti oṣù kẹta sí oṣù karùn-ún. Nǹkan bí 4,200 lítà lójúmọ́ ni, bóhòlù kan tí kò lágbára sì lè fi òru kó o jọ sínú táńkì. Ẹ máa pààrọ̀ páàdì náà nígbà tí ẹfun bá ti gbà á.

Ta ló yẹ kó mú èwo

Bó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ ńlá ni ẹ fẹ́ tù, tàbí kọ́ńpírẹ́sọ̀ afẹ́fẹ́ tó lè gba omi gbígbóná, gbígbẹ ni kí ẹ mú, kí ẹ má tilẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó wà ní Jos.

Òtẹ́ẹ̀lì ńlá, ilé ìwòsàn ńlá àti ilé iṣẹ́ ọtí tó ní omi ìjọba tó dúró ṣinṣin, tó sì ní ẹnjíníà tirẹ̀, kó mú olómi. Iná tí yóò dín kù á san owó omi àti oògùn. Ẹni tó wà létí Odò Kaduna tó sì ní ìwé àṣẹ láti fa omi rẹ̀ wà nínú ẹgbẹ́ yìí, ṣùgbọ́n kó fi ẹ̀rọ sẹ́ omi náà dáadáa, nítorí odò máa ń gbé ẹrẹ̀ púpọ̀ nígbà òjò.

Ilé iṣẹ́ ike, ìyẹ̀fun, bísíkíìtì àti oògùn ní Sharada, Challawa tàbí Idu, tí bóhòlù wọn kò dájú, tí ẹ̀rọ wọn ń fẹ́ omi tó wà láàárín 35°C sí 38°C: gbígbẹ tó ní páàdì ló bá wọn mu. Kí wọ́n ní kí ẹni tó ń tajà kọ ọ́ sínú ìwé bí omi yóò ṣe tutù tó nígbà tí afẹ́fẹ́ bá jẹ́ 42°C, kí wọ́n sì dá díẹ̀ dúró nínú owó rẹ̀ títí oṣù kẹrin yóò fi kọjá. Ẹni tó ń fẹ́ omi 26°C sí 30°C lọ́dún yípo tí kò sì ní omi tó dájú, kó kọ́kọ́ fi owó táwà gbẹ́ bóhòlù kejì, kó kọ́ táńkì tó lè gba omi ọjọ́ mẹ́ta, kó tó wá ra olómi.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ta yìnyín ní Karu náà bi mí lọ́sẹ̀ tó kọjá pé, "Ẹ̀gbọ́n, èwo ni kí n rà?" Ẹ̀rọ rẹ̀ kékeré ni, afẹ́fẹ́ ti ń tù ú láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Kò nílò táwà kankan. Mo ní kó gbé ẹ̀rọ náà kúrò nínú yàrá tó tì í mọ́, kó gbé e síta sábẹ́ òrùlé páànù tó ga, kí ẹ̀yìn rẹ̀ kọjú sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wá, kó sì máa fọ ìyẹ́ rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Sátidé títí ọyẹ́ yóò fi lọ.